Kọ́kọ́rọ́ Tí Ọmọ Mi Gé Lẹ́yìn Mi

Pátákó kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: A KÌ Í GÉ KỌ́KỌ́RỌ́ ONÍKỌ́KỌ́RỌ́ LẸ́YÌN RẸ̀.

Iṣẹ́ àgádágodo ni mo ń ṣe. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gé kọ́kọ́rọ́. Ọkọ ti mú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìyàwó rẹ̀ wá bá mi rí, mo lé e jáde. Onílé ti mú ti ayálégbé wá, mo ní kó lọ pe ẹni tó ni yàrá wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè mí ní Bàbá Olóòótọ́. Mo gba orúkọ náà. Mo tilẹ̀ ń fi ṣe fáàrí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì fi orúkọ yẹn pè mí. Ẹ kà á tán ná.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ tú ká. Ilé ẹjọ́ ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ mi, torí pé ìyá rẹ̀ kò tíì rí ilé gbà nígbà yẹn. Akọ̀wé ka ìwé ìdájọ́ sí wa létí, ó kà á bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ìka la tẹ̀ sí i, èmi àti ìyá rẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà A àti àkàbà.

Gbólóhùn kan péré ni etí mi gbé: bàbá ni ọmọ yóò máa bá gbé. Mo sọ ìwé náà sínú àpótí irin, mo fi àgádágodo tì í.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà mi ní Sátidé, mo nawọ́ sí títì. "Ìwé ti sọ ọ́," mo ní. "O kò yẹ níyàá, o kò gbọ́dọ̀ wá síbí mọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jáde sí i, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi sì mú ju fáìlì tí mo fi ń rẹ́ irin lọ. Kò wá mọ́. Nígbà tí ọmọ ń béèrè ìyá rẹ̀, mo ní, "Ìyá rẹ ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Títí ó fi dákẹ́ ìbéèrè.

Nígbà tí mo pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé kí a máa fi pẹ́ńsù to àmì kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá ti kà tán, kí ojú má baà ṣìnà. Tábìlì kan náà ni èmi àti ọmọ mi ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wa. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Òun ló ń bá mi gbẹ́ pẹ́ńsù.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìdájọ́ yẹn ṣì kù. Bí a bá dé ìdí àpótí, ẹ óò gbọ́ ọ.

* * *

Lọ́dún tí ọ̀ràn yìí bẹ́, ọmọ mi ti di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á dúró ti ẹ̀rọ, á gé kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta kí n tó gé méjì. Ọwọ́ òsì ló ń lò.

Ó wá di pé kì í tètè délé mọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

"Níbo lo wà?"

"Ẹ̀kọ́ àfikún ni, Bàbá mi."

"Ẹ̀kọ́ àfikún kí ni?"

"Ìṣirò."

Kò wojú mi nígbà tó sọ ọ́. Ọmọ mi tó jẹ́ pé ojú mi ló máa ń wò, bí mo bá ń bá a wí pàápàá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá da epo síná. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Rédíò, nítorí kò sí ìròyìn tó ń sùn mọ́jú lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé ojú rẹ wà nílé yìí ṣá?"

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mo rí ọmọ rẹ ní Ọjọ́bọ̀. Inú ilé alájà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti jáde. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ń sunkún lọ́sàn-án gangan, ọkùnrin ló wà nídìí ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ eruku ló kó sí i lójú."

"Eruku tó ń wọ ṣòkòtò ni." Ó wá jókòó. "Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ìwọ náà má fura o, títí wọ́n á fi gbé ọmọ-ọmọ wá bá ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí o bá wọn gé kọ́kọ́rọ́ sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Láti ọjọ́ yẹn, mo di ọlọ́pàá nínú ilé ara mi. Mo ń gbóòórùn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀. Mo ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ bóyá máa rí irú yẹ̀pẹ̀ tí kò sí ládùúgbò wa. Bó bá ń kọrin, mo ń ronú ta ló kọ́ ọ lórin. Bó bá dákẹ́, mo ń ronú ta ló ń rò.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mú ìṣó tó jábọ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Okùn kan yọ lọ́rùn aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló wà lẹ́nu okùn náà. Kọ́kọ́rọ́ idẹ, tuntun, ó ń dán.

Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ mọ ọwọ́ ẹni tó gé e, bí olùkọ́ ṣe ń mọ ọwọ́ ìkọ̀wé. Ṣóńṣó kọ́kọ́rọ́ yẹn dagun díẹ̀, bí ọmọ mi ṣe máa ń parí tirẹ̀ nítorí ọwọ́ òsì tó ń lò. Òun ló gé e. Lórí ẹ̀rọ mi. Lẹ́yìn mi.

"Kọ́kọ́rọ́ kí nìyẹn?"

Ó fi ọwọ́ bò ó. "Ti lọ́kà mi nílé-ìwé ni."

Mo ti tún àgádágodo lọ́kà ilé-ìwé yẹn ṣe. Kọ́kọ́rọ́ tiwọn kúrú, ó sì fẹ̀ lórí. Èyí jẹ́ ti àgádágodo ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń gbé yàrá kan fi ń ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ìfura loògùn àgbà, àbí?

* * *

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ balùwẹ̀. Ó fi okùn náà kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Mo dúró síwájú ìṣó yẹn. Mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Ọkàn mi kan ní, "Bàbá Olóòótọ́, padà sẹ́yìn." Ọkàn mi kejì ní, "Bàbá ni ọ́. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní láyé tí kì í ṣe tìrẹ?"

Ọ̀rọ̀ ọkàn kejì yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ dáadáa. Òun ló ba ayé mi jẹ́. Mo rò pé ọmọ jẹ́ ohun tí mo ní, bí mo ṣe ní ẹ̀rọ, bí mo ṣe ní àpótí.

Mo mú ọṣẹ ìfọṣọ tí kò tíì gbẹ. Mo tẹ kọ́kọ́rọ́ náà sínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo nù ún, mo gbé e kọ́ padà. Omi ṣì ń dà.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, kí n tó tan ẹ̀rọ, mo yí pátákó mi kọjú sí ògiri. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Pátákó tí kò lójú, mo dojú ẹ̀ kọ ògiri kó má baà rí mi.

Mo gé e. Mo fi sápò. Mo wá ń wá ilẹ̀kùn tó máa ṣí.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ fura sí ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tó ń gbé nínú àgbàlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ó máa ń kí ọmọ mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i pé kò sí nílé. Mo yọ́ wọlé, mo di àgádágodo rẹ̀ mú, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Kò wọlé. Mo yí i, mo tún gbìyànjú.

"Bàbá Olóòótọ́! Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀yìn mi ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀. Mo yíjú padà.

"Àgádágodo rẹ yìí," mo ní, "mò ń wò ó bóyá ó ti ń dípẹtà."

"Ó ti dípẹtà lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ránṣẹ́ pè yín."

"Ọ̀fẹ́ ni. Ará àdúgbò ni wá."

"Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà wá wo ìpẹtà ni?"

Ojú tì mí débi pé mo sọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ sọ. "Kí ló wà láàárín ìwọ àti ọmọ mi?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi àti Ọ̀gá Kékeré? Bàbá, ìgbà tó bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ó ní irun orí mi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ tí ẹyẹ ti kó kúrò níbẹ̀. Bí ìfẹ́ bá nìyẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kórìíra mi."

Mo ń lọ, ó tún pè mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, ilẹ̀kùn tiyín ńkọ́? Ẹ ti fi wò ó?"

Mo ka ọ̀rọ̀ náà sí àrífín. Mo fi kọ́kọ́rọ́ yẹn gbìyànjú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn onígbàjámọ̀ lọ́jọ́ kejì, àti ti ẹni tó ń kun mọ́tò ní ìgun títì. Kò ṣí ìkankan. Bí kò ṣe ń ṣí ni ìfura mi ń le sí i.

* * *

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú lẹ́tà kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló ti wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kí n wá ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí n mú ọmọ mi dání. Kí n sì mú ìwé ìdájọ́ tó fi ọmọ sọ́dọ̀ mi wá.

Àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ ni ilé alájà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ìgbà tí ọmọ mi ti ilé-ìwé dé, mo na lẹ́tà náà sí i. "O pè mí lẹ́jọ́?"

"Mi ò pè yín lẹ́jọ́, Bàbá mi." Ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ sílẹ̀. "Mo béèrè ìbéèrè ni."

"Ìbéèrè wo ni o kò lè bi mí?"

Lọ́tẹ̀ yìí, ó wojú mi. "Mo ti bi yín láti ọmọ ọdún méje. Èsì kan náà lẹ ń fún mi."

Ó wọlé lọ. Mo dúró, lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Ó dà bíi pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wà nílé-ìwé. Mo fa àpótí irin jáde lábẹ́ ibùsùn. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yẹ kó wà nínú agolo tí mo ń kó ògbólógbòó kọ́kọ́rọ́ sí, àárín igba mìíràn. Mo da agolo náà sílẹ̀, mo tú u, mi ò rí i kíákíá. Ara mi ti gbóná. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo kan kọ́kọ́rọ́ tí mo gé nínú ọṣẹ.

N kò mọ ohun tó sún mi. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sẹ́nu àgádágodo yẹn.

Ó ṣí. Kò tilẹ̀ dún.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mo mọ kọ́kọ́rọ́ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀, mo gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí mi kiri ẹnu ilẹ̀kùn àwọn ẹlòmíràn. Olè ní í mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, ṣùgbọ́n olè tó ń tọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kì í mọ̀.

Ìwé náà wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti tò ó padà dáadáa, bó ṣe bá a.

Àkókò ti tó wàyí kí n sọ ohun tí mo fi pa mọ́ fún yín. Ọdún kejì tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, inú mi ń dùn pé mo lè ka nǹkan. Mo ń ka ara agolo, mo ń ka ògiri, mo ń ka páálí ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí n ka ìwé tó fún mi lọ́mọ. Mo mú pẹ́ńsù, mo ń to àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo dé ìpín kẹrin. Mo kà á bíi ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ó ní:

"Ní Sátidé kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ yóò wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni èyí. Ojúṣe òbí tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni láti rí i pé kò yẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo lé e. Àwọn ọjọ́ tó wá yẹn, ìwé ló ní kó wá.

Ẹ̀yin òbí, mo lè tọrọ àforíjì fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́. Mi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ka ìpín kẹrin, mo ká ìwé náà, mo fi í sínú àpótí, mo tì í pa, mo sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú agolo. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, ọmọ á kórìíra mi. Mo ní ó ti gbàgbé ìyá rẹ̀. Mo ní kí n má ta ohun tó ti sùn jí. Ọdún mẹ́rin àìmọ̀, ọdún mẹ́rin ẹ̀ṣẹ̀.

Mo tún wo ìwé náà lọ́sàn-án yẹn. Àmì pẹ́ńsù mi tò sábẹ́ ìpín kẹrin bí eèrà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ̀ pé ẹnì kan ti kà á ní kíkún.

Nínú báàgì ìwé ọmọ mi àtijọ́, mo rí rọ́bà tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́. Mo pa àmì yẹn rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ èérún rọ́bà náà dànù. Ìwé mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ó parí."

* * *

Ọ́fíìsì náà kò tóbi. Tábìlì kan, kọ́bọ́ọ̀dù irin kan tí àgádágodo rẹ̀ ti wọ́, àga igi márùn-ún. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé jókòó lẹ́yìn tábìlì, gíláàsì rẹ̀ wà lórí imú. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lọ. Mi ò pè é, ṣùgbọ́n ta ni í pe Rédíò kó tó sọ̀rọ̀?

Ìyá ọmọ mi wà níbẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó di nǹkan kan mú lórí itan, tó fi ọ̀rá wé. Ọmọ mi jókòó tì í. Mo wá mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, nínú ọ́fíìsì yìí, ni gbogbo Ọjọ́bọ̀ ń lọ, mo sì mọ ohun tó pọ́n ọmọ mi lójú.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," obìnrin náà wí. "Mo lọ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn sọ̀rọ̀ lórí ojúṣe òbí àti ẹ̀tọ́ ọmọ. Ọmọ yín nawọ́ sókè. Ó ní ṣé òbí lè kọ ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n má sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà. Mo ní bí òbí bá tú ká nílé ẹjọ́, ìwé máa ń wà, ìwé yẹn á sì sọ bó ṣe jẹ́. Ó ní òun á wá a. Ṣé ẹ mú tiyín wá?"

Mo gbé e fún un. Ó kà á, ó gbé ojú sókè.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó wà ní ìpín kẹrin?"

Mo ti múra èsì náà sílẹ̀ láti ilé. "Ìyáàfin, ìka ni mo tẹ̀. Mi ò mọ̀wé."

Ọmọ mi sọ orí kọ́.

"Tí ẹ bá mọ̀ ńkọ́?"

"Tí mo bá mọ̀, ṣé irú èmi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ bi gbogbo àdúgbò. Bàbá Olóòótọ́ ni wọ́n ń pè mí."

"Ó dáa. Lẹ́tà tí mo kọ sí yín, ta ló kà á fún yín?"

Mi ò múra ìyẹn sílẹ̀. Mo nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni."

"Èmi kẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Àbúrò mi, má kó mi sí i o! Èmi àti ìwé kò jọ jẹun nínú àwo kan rí. Ìwọ náà kọ́ lo ka lẹ́tà yẹn sí mi létí lánàá? O tilẹ̀ kà á bíi wòlíì!"

Ẹ̀gbọ́n mi padà jókòó.

Obìnrin náà ṣí fáìlì rẹ̀. Ó yọ bébà kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi. "Ẹ̀dà tí ọmọ yín ṣe nìyí, ní oṣù méjì sẹ́yìn, kó tó dá ojúlówó padà síbi tó ti mú un."

Àwọn àmì mi wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti yà wọ́n, wọ́n dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìwé tí mo mú wá mọ́ bí àwo tí ajá lá.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Ọwọ́ mi ni mo fi pa á rẹ́, tí mo sì fi jẹ́rìí sí ara mi.

Ọmọ mi ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Bàbá mi, èmi ni mo máa ń bá yín gbẹ́ pẹ́ńsù. Nígbà tí mo ṣí ìwé yẹn, mo kọ́kọ́ gbà á ládùúrà pé kí ẹ má tíì kà á. Mo wá rí àwọn àmì yẹn. Síbẹ̀, mo ní kí ìyáàfin pè yín, kí wọ́n má fi hàn yín ná. Mo ní ẹ̀yin fúnra yín á sọ ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ pa á rẹ́."

Ìyá rẹ̀ tú ọ̀rá tó wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀dà tirẹ̀ ni. Ó ti ká a títí ó fi já sí mẹ́rin, ó wá fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní, "ojú ń tì mí láti fi í han ẹni tó mọ̀wé, torí ẹ ní ó sọ pé mi ò yẹ níyàá. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ìwé tó ní kí n wá káàkiri, tí mò ń sá fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í dákẹ́, fi ìborùn bojú.

Obìnrin náà bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Bàbá, ilé ẹjọ́ kò fún yín lọ́mọ bí ẹni fúnni lẹ́rù. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́. Ìpín kẹrin yìí, kì í ṣe ẹ̀bùn fún ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe ìyà fún yín. Ti ọmọ yìí ni. Ohun tí ẹ tì pa mọ́nú àpótí yẹn, tirẹ̀ ni."

* * *

Ọ̀ràn náà padà dé ilé ẹjọ́. Adájọ́ mú ọmọ mi wọ yàrá lọ, ó bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Kò sí èmi níbẹ̀, kò sí ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ mi ní òun fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun. Kò fi ẹnu bà mí jẹ́. Adájọ́ sọ fún wa pé ohun tó wí nípa mi ni pé, "Ẹ má jẹ́ kí n pàdánù òun náà."

Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tú okùn ọrùn rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ idẹ náà sórí tábìlì iṣẹ́.

"Tiyín nìyí, Bàbá mi. Ẹ má bínú pé mo gé e lẹ́yìn yín."

Mo ti ọwọ́ bọ àpò. Mo gbé ẹnì kejì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi náà gé tìrẹ lẹ́yìn rẹ."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọṣẹ kù sí eyín rẹ̀."

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀. Ó mọ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń kí mi káàárọ̀, ó ń dúró dè mí kí n sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú àìmọ̀wé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a mọ̀ ọ́n, kí a wá fi ìmọ̀ náà pamọ́ fún ẹni tó ni ín. Ìfura tí mo gbé karí ọmọ mi, ara mi ló yẹ kí n gbé e kà. Bí ẹ bá ní ìwé tó kan ọmọ yín, ẹ kà á fún un. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kà, ẹ wá ẹni tó máa kà á fún ẹ̀yin àti òun pọ̀.

Mo gé kọ́kọ́rọ́ ọṣẹ yẹn sí méjì. Mo gbé tirẹ̀ kọ́ sára ìṣó lábẹ́ pátákó mi, mo sì yí pátákó náà padà kó kọjú sí mi, kì í ṣe sí àwọn oníbàárà.

Wọ́n kọ ìwé ìdájọ́ tuntun. Ìpín kẹrin rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, àfi pé níbi tí wọ́n ti kọ "ìyá" tẹ́lẹ̀, "bàbá" ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Sátidé kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo máa ń ṣílẹ̀kùn láti aago mẹ́jọ, màá gbé àga síta, màá máa wo títì.

Ìyá rẹ̀ kò tíì pẹ́ rí. Bí aago mẹ́sàn-án bá ṣe ń lù, ẹ óò rí i tó ń di ọmọ náà lọ́wọ́ mú bọ̀, dé ẹnu ọ̀nà tí mo ti lé e.